Ṣé Ọ̀tá Ọlọ́run Ló Ṣe Fíìmù Viridiana?

Arábìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Abẹ́òkúta:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọmọ Ìjọ Àgùdà ni mí, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní katikísìmù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọmọ mi tó ń kọ́ nípa sinimá ní yunifásítì ló gbé fíìmù Spéìn kan wálé, Viridiana, ó ní ìtàn sísítà kan ni. Mo jókòó tì í láti wò ó. Nígbà tó débi tí àwọn alágbe ti jókòó sídìí tábìlì bíi Jésù àti àwọn àpọ́sítélì, mo ní kó pa á. Ọmọ yìí ní mi ò lóye rẹ̀ ni, pé wọ́n ń ta káàdì níparí, pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀tá Ọlọ́run ló ṣe fíìmù yìí ni? Kí sì ni káàdì ń wá nínú ìtàn sísítà?"

Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi yín lọ́kàn balẹ̀: ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ bínú. Lọ́dún 1961 tí fíìmù yìí jáde, L'Osservatore Romano, ìwé ìròyìn Vatican, bẹnu àtẹ́ lù ú, ó ní ọ̀rọ̀ òdì ni. Ìjọba Spéìn fòfin dè é. Àwọn tó bínú sí i nígbà náà kì í ṣe òpè, wọ́n mọ ohun tí wọ́n rí.

Síbẹ̀, mo ti wò ó léraléra, mo ti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kò sì tíì sí ìgbà kan tí mo rí i pé Ọlọ́run ni Luis Buñuel, ọkùnrin tó ṣe fíìmù náà, ń bá jà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣoore tó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ara rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é, òun ni Buñuel dojú kọ. Ìyẹn sì lè jẹ́ èmi, ó lè jẹ́ ẹ̀yin.

Ẹ ti wo púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tún ìtàn náà tò, torí àwọn nǹkan kéékèèké tí ojú máa ń fò ló gbé e ró.

Viridiana, tí Silvia Pinal láti Mẹ́síkò ṣe, kù díẹ̀ kó jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí yóò sọ ọ́ di sísítà pátápátá. Ìyá Àgbà ilé àwọn sísítà ní kó kọ́kọ́ lọ kí Don Jaime, ìbátan kan ṣoṣo tó kù fún un, ẹni tó ń sanwó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kò wù ú láti lọ. Ìgbọràn ló gbé e lọ. Don Jaime (Fernando Rey ló ṣe é) jẹ́ olówó tó jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ di igbó. Ìyàwó rẹ̀ kú ní alẹ́ ìgbéyàwó wọn gan-an, láti ìgbà náà ló ti ń tọ́jú aṣọ ìyàwó náà sínú àpótí, tó bá sì ku òun nìkan lálẹ́ yóò kó o jáde, yóò máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ bàtà obìnrin náà. Ojú Viridiana sì jọ ojú olóògbé. Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Kó tó débẹ̀, ẹ wo ẹrù tí ọmọbìnrin náà gbé dé: àgbélébùú, ìṣó, òòlù, àti adé ẹ̀gún. Orí ilẹ̀ ló ń sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kó wá fún wàrà, kò lè di ọmú màlúù mú, ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ẹni tó lè gbé ìṣó Kálífárì káàkiri kò lè fọwọ́ kan ẹran ọ̀sìn. Buñuel kò fi ṣẹ̀fẹ̀ rárá, ó kàn fi hàn ni, ó sì kọjá.

Ní alẹ́ tó ku ọ̀la kó lọ, Don Jaime bẹ̀ ẹ́ kó wọ aṣọ ìyàwó náà fún òun. Ó wọ̀ ọ́. Ọkùnrin náà ní kó fẹ́ òun, ó kọ̀. Ramona, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ilé, po oògùn oorun sínú ohun tí yóò mu. Don Jaime gbé e lọ sórí ibùsùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kàn án, lẹ́yìn náà ẹ̀rí ọkàn dá a dúró, ó sì sá jáde. Nígbà tílẹ̀ mọ́ ó purọ́ fún un pé òun ti bà á jẹ́ lójú oorun, kó má bàa lè padà sọ́dọ̀ àwọn sísítà mọ́. Nígbà tó rí ojú ọmọbìnrin náà, ó ní irọ́ lòun pa. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Viridiana kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Kó tó wọ bọ́ọ̀sì ni àwọn ọlọ́pàá ti wá bá a: Don Jaime ti pokùn so. Okùn tó fi so ni èyí tí òun fúnra rẹ̀ fún Rita, ọmọ kékeré Ramona, pé kó máa fi fò ṣeré.

Ẹ fi okùn yẹn sọ́kàn.

Láti ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Viridiana kò padà sílé àwọn sísítà mọ́. Ìyá Àgbà wá bá a sọ̀rọ̀ nínú ilé náà, kò yí i lọ́kàn padà: ó fẹ́ máa sin Ọlọ́run lọ́nà tirẹ̀. Ó kó àwọn alágbe ìlú jọ, afọ́jú, arọ, aboyún, adẹ́tẹ̀, obìnrin tó ní ọmọ lọ́wọ́, ó kó wọn sí àwọn ilé kéékèèké ẹ̀gbẹ́ ilé ńlá, ó ń bọ́ wọn, ó ń fún wọn níṣẹ́, ó sì ń kó wọn gbàdúrà. Ìṣe tó dára ni, n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn, arọ tó mọ àwòrán yà, ń ya àwòrán Màríà Wúńdíá. Ojú ta ló ń wò yà á? Ojú Viridiana. Òun náà sì jókòó fún un. Lójú tèmi, àwòrán yẹn ni ẹ̀sùn gidi tí fíìmù yìí fi kan Viridiana, ó sì wúwo ju tábìlì tí ẹ tìtorí rẹ̀ pa á lọ.

Jorge, ọmọ tí Don Jaime bí síta, wọlé dé láti wá gba ìpín tirẹ̀ (Francisco Rabal ló ṣe é). Ọmọ ayé òde òní ni. Ó ń fa iná mànàmáná wọlé, ó ń tún oko ṣe, kò gbàdúrà, kò sì díbọ́n pé òun ń gbà á. Ibẹ̀ ni Buñuel ti ṣe ohun kan tí mo máa ń dá fíìmù dúró sí tí mo bá ń kọ́ ọmọ. Viridiana kó àwọn alágbe sábẹ́ igi álímọ́ńdì láti gba àdúrà Áńgẹ́lọ́ọ̀sì, èyí tí ẹ̀yin náà ń gbà nígbà tí agogo bá lù. Gbólóhùn kan nínú àdúrà, pákó balẹ̀ gbì. Gbólóhùn kejì, òṣìṣẹ́ da sìmẹ́ǹtì mọ́ ògiri. Gbólóhùn kẹta, òkúta ń ya lulẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbà á fúnra wọn, àdúrà, iṣẹ́, àdúrà, iṣẹ́, títí ó fi parí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ó fi iṣẹ́ tàbùkù àdúrà ni. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ojú àwọn tó ń dáhùn àdúrà yẹn dáadáa. Ẹnu wọn ń lọ, ojú wọn kò sí níbẹ̀. Wọ́n ń san owó oúnjẹ ni. Àdúrà tí ẹnìkan kò lè kọ̀ torí pé ọwọ́ tó ń bọ́ ọ ló ń darí rẹ̀, ṣé àdúrà ni? Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti aláìgbàgbọ́. Olùkọ́ katikísìmù ló yẹ kó máa bèèrè rẹ̀.

Tí ẹ bá sì rò pé ẹ̀yìn Jorge ni Buñuel wà, ẹ padà síbi ajá. Jorge rí ajá kan tí wọ́n so mọ́ abẹ́ ọmọlanke, tí ẹṣin ń fà lọ tí ajá ń sáré tẹ̀ lé e, ahọ́n ti yọ síta. Àánú ṣe é, ó ra ajá náà lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Bó ṣe ń yí padà, ọmọlanke mìíràn ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀ láti apá kejì, ajá mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Jorge kò rí i. Àwa nìkan la rí i. Ohun tí Viridiana ń ṣe fún alágbe náà ni Jorge ṣe fún ajá. Ojú kan náà ni fíìmù fi wo onígbàgbọ́ àti aláìgbàgbọ́, àánú àwọn méjèèjì ń mú ọ̀kan, ayé sì ń so ẹgbẹ̀rún mọ́lẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ tí àwọn onílé lọ sí ìlú. Àwọn alágbe ní kí àwọn kàn wọ ilé ńlá náà wò ni. Wíwò di jíjókòó, jíjókòó di àsè, wọ́n tẹ́ aṣọ tábìlì funfun, wọ́n ṣí ọtí. Enedina, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wọn, ní òun fẹ́ ya gbogbo wọn ní fọ́tò. Wọ́n tò jókòó, àwọn 13, afọ́jú wà láàárín, bí Leonardo da Vinci ṣe to Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn sára ògiri ní Mílánì. "Kámẹ́rà" tí Enedina sì fi yà wọ́n, ẹ ti rí i, abẹ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni.

Ibi tí ẹ ti pa á nìyẹn, mi ò bá yín wí. Ẹ̀fẹ̀ náà burú, ó sì yẹ kó burú. Ṣùgbọ́n tábìlì ta ni? Látìgbà tí wọ́n ti ń jẹun lọ́dọ̀ Viridiana, ìgbà yìí ni wọ́n kọ́kọ́ rí tábìlì ńlá ilé náà. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n síbẹ̀ rí. Ẹni tí Kristi pè wá síbi àsè, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ: òtòṣì, amúkùn-ún, afọ́jú. Àwọn gan-an ló jókòó síbẹ̀ yẹn.

Lẹ́yìn èyí nǹkan bàjẹ́ pátápátá. Wọ́n fi orin "Halelúyà" ti Handel sórí giramafóònù, adẹ́tẹ̀ wọ aṣọ ìyàwó olóògbé, ó ń jó. Afọ́jú fi ọ̀pá run tábìlì. Àwọn onílé dé láìròtẹ́lẹ̀, wọ́n de Jorge mọ́lẹ̀, méjì nínú wọn sì gbìyànjú láti fipá bá Viridiana lò pọ̀. Arọ tó ń ya àwòrán Màríà wà nínú wọn. Okùn tó fi di ṣòkòtò rẹ̀ mọ́dìí ni Viridiana dì mú bó ṣe ń jìjàkadì: okùn Rita ni. Owó ni Jorge fi gbà á sílẹ̀, ó ṣèlérí owó fún adẹ́tẹ̀ pé kó fi ṣọ́bìrì lu ẹnìkejì rẹ̀ pa. Bí iṣẹ́ àánú Viridiana ṣe parí nìyẹn.

Àwọn káàdì ló kù.

Bí ẹ bá máa lóye káàdì, ẹ gbọ́dọ̀ mọ bí fíìmù yìí ṣe wáyé. Ìlú Calanda, ní Aragón, ni wọ́n ti bí Buñuel lọ́dún 1900. Níbẹ̀, láti ọ̀sán Jímọ́ Rere, gbogbo ìlú ń lu ìlù títí di ọjọ́ kejì, ọwọ́ àwọn mìíràn á máa ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn fadá Jẹ́súítì ló kọ́ ọ níwèé ní Zaragoza. Lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé Spéìn, tó parí ní 1939 tí ọ̀gágun Franco sì gbàjọba, ó wà nílùú òkèèrè, ó sì di ọmọ ìlú Mẹ́síkò lọ́dún 1949. Òun náà ló sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́, pé ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, aláìgbàgbọ́ ṣì ni òun. Nígbà tó sì ń kú lọ ní 1983, fadá kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń bá a jókòó tí wọ́n jọ ń fọ̀rọ̀ Ọlọ́run wérọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, n kò mọ bí a ó ṣe pè é lọ́tàá. Ọmọ ilé tó ń bá ilé jà ni.

Ìjọba Franco fẹ́ kí ayé rí i pé Spéìn ti ń ṣílẹ̀kùn, nítorí náà wọ́n gbà á láàyè kó padà wá ṣe fíìmù kan nílé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà lájò bínú sí i pé ó lọ bá apàṣẹwàá ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń yẹ ìwé eré wò ka tirẹ̀, wọ́n ní òpin rẹ̀ kò dára: nínú òpin àkọ́kọ́, Viridiana kan ilẹ̀kùn yàrá Jorge, ó wọlé, ilẹ̀kùn sì padé. Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Buñuel ní kò burú. Ó wá fi Ramona, tí Jorge ti sọ di àlè, jókòó sínú yàrá náà tẹ́lẹ̀. Viridiana wọlé bá àwọn méjèèjì. Jorge ní kó jókòó, ó pín káàdì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í ta eré tí wọ́n ń pè ní tute. Ó ní ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ rí i ni òun ti mọ̀ pé yóò bá òun ta á lọ́jọ́ kan. Kò sí ilẹ̀kùn tó padé, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni ju ọwọ́ tó ń ṣa káàdì lọ. Wọ́n buwọ́ lù ú. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: òpin tí wọ́n fipá mú un ṣe burú ju èyí tí wọ́n kọ̀ lọ, ó sì dára jù ú lọ.

Wọ́n gbé fíìmù náà lọ sí àjọ̀dún sinimá Cannes nílẹ̀ Faransé ní May 1961. Ó gba Palme d'Or, ẹ̀bùn tó ga jù níbẹ̀, òun àti fíìmù Faransé kan ló jọ pín in. Ọ̀gá àgbà fún ọ̀rọ̀ sinimá ní Spéìn, José Muñoz Fontán, ló gun orí ìtàgé lọ gbà á, inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn. Nígbà tí ìwé ìròyìn Vatican sọ tẹnu rẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá náà. Torí pé àwọn ará Mẹ́síkò wà lára àwọn tó náwó sí i, ọkọ Silvia Pinal ni ọ̀kan nínú wọn, fíìmù náà ń rìn lókèèrè gẹ́gẹ́ bíi ti Mẹ́síkò. Ọdún 1977 ni wọ́n tó wò ó ní gbangba ní Spéìn, Franco ti kú.

Kí wá ni ìtumọ̀ káàdì? Àwọn kan ní ìṣubú ni: ẹni tó fẹ́ di mímọ́ di ẹni kẹta nínú yàrá ọkùnrin. Àwọn mìíràn ní ìtúsílẹ̀ ni: fún ìgbà àkọ́kọ́ ó jókòó bá ẹlòmíràn ní ìpele kan náà, òun àti ìránṣẹ́ àti ọ̀gá, kò sẹ́ni tó ń bọ́ ẹnìkan. Mo fẹ́ràn èrò kejì yìí nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Nísinsìnyí, ọwọ́ Jorge ni mo ń wò. Òun ló ń pín káàdì, òun ló mú ọwọ́ Viridiana tó fi lé káàdì lórí, òun ló ń sọ̀rọ̀. Viridiana dákẹ́. Ó kúrò nílé tí Ìyá Àgbà ti ń pàṣẹ, ó bọ́ sílé tí Jorge ti ń pàṣẹ, orin ijó ń dún lórí giramafóònù níbi tí Halelúyà ti dún. Níta, Rita mú adé ẹ̀gún, ó gún un lọ́wọ́, adé náà sì jóná nínú iná tí wọ́n dá.

Ibi tí èmi àti Buñuel kò ti gbà fúnra wa náà wà, n kò ní fi pamọ́. Lẹ́yìn ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí Viridiana yẹn, kò fún un ní gbólóhùn kan láti fi sọ bó ṣe rí lára rẹ̀. Dígí tó ti là ló wò, ó tú irun sílẹ̀, ó tán. Mo mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn wà fún iṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n ó pọ̀ jù. Ní ti àwọn alágbe, wọ́n máa ń sọ pé ó kórìíra òtòṣì. Rárá. Kò kàn gbà pé ebi ń sọ ènìyàn di ẹni rere ni, èmi náà kò sì gbà.

Bí ẹ bá fẹ́ rí irú fíìmù ìsìn tí Spéìn ìgbà Franco fẹ́ràn, ẹ kọ́kọ́ wo Marcelino pan y vino, ti Ladislao Vajda, tó jáde ní 1955. Ọmọ jòjòló tí wọ́n gbé sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn mọ́ńkì ni ìtàn rẹ̀. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, ó gun àjà lọ, ó bá ère Jésù lórí àgbélébùú níbẹ̀, ó rò pé ebi ń pa á, ó wá ń jí búrẹ́dì àti wáìnì gbé lọ fún un. Ère náà na ọwọ́, ó gbà á, ó jẹ ẹ́. Ẹ ó sunkún, mo mọ̀, èmi náà máa ń sunkún. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ wá padà sí Viridiana, kí ẹ wo ohun tó wà lórí àjà tibẹ̀: àwọn àga àtijọ́, eruku, Jorge tó ń fa Ramona mọ́ra, àti ológbò tó bẹ́ mọ́ eku. Àjà méjì, ọdún mẹ́fà síra wọn. Marcelino ń fúnni lóúnjẹ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i, kò tilẹ̀ mọ̀ pé oore ni òun ń ṣe. Mi ò lè búra pé Buñuel ní fíìmù yẹn lọ́kàn nígbà tó ń ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè wo ọ̀kan láìrántí ìkejì mọ́.

Ẹ má fi Viridiana han àwọn ọmọ katikísìmù yín o, ti àgbà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àti ọmọ yín, ẹ jọ tún un wò. Tí ẹ bá dé ibi fọ́tò yẹn, ẹ má pa á. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa bí gbogbo wọn ṣe jókòó jẹ́ẹ́ tí wọn kò mira: àkùkọ kan ń kọ. Ẹ bi ọmọ yín léèrè pé, nínú ilé yẹn, ta ni Pétérù?